Ọta ìbọn àtijọ́ tí ẹ̀rọ ń bá wa wú jáde ní Yàgbà: báwo la ṣe ń dá a mọ̀?

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ òkun o. Àwa ọ̀dọ́ díẹ̀ ní Yàgbà East dá owó jọ ra ẹ̀rọ awá-irin, wúrà la fẹ́ fi wá. Wúrà kò tíì fojú hàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjé ń jáde bí ẹni pé wọ́n gbìn ín. Ìsàlẹ̀ òkè kan ni, tí àwọn bàbá wa ń sọ pé orí rẹ̀ ni wọ́n sá lọ nígbà ogun Tápà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa: ọ̀kan rí rogodo, ara rẹ̀ ti funfun, ó wúwo ju bó ṣe mọ lọ. Èkejì gùn díẹ̀, orí rẹ̀ rí roboto, ihò sì wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìkarahun idẹ lásán, wọ́n kọ nǹkan sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ṣì wà lódindi, ó kéré, ó ti dípẹtà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọta àwọn Tápà ni gbogbo rẹ̀, pé owó ńlá ni. Òmíràn ní ká kó o fún bàbá bólà. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Òkun ní Leeds
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Èmi náà ń gbé ẹ̀rọ yìí kiri oko olóko níbí lópin ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílẹ̀, ọta òjé kì í sì í wọ́n mi. Kí o tó gba ìtàn ẹnikẹ́ni gbọ́, wá nǹkan mẹ́ta fún wa: fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, ìwúwo rẹ̀ ní gíráàmù, àti fọ́tò ìdí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló máa ń ya orí ọta, bẹ́ẹ̀ orí ló ń fọ́ nígbà tó bá lu òkúta. Ìdí ni kì í sábà bàjẹ́, òun ló sì ń jẹ́ ká mọ irú ìbọn tó jáde láti inú rẹ̀.

Kàlípà oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà tó fún iṣẹ́ yìí. Ti ìwọ̀n kò le rárá níbi tí ẹ wà: àwọn tó ń ra wúrà lọ́wọ́ yín ní òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá gíráàmù. Ẹ bẹ̀ wọ́n.

Má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́ o. Má sì rẹ ẹ́ sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, torí ọ̀tá òjé ni ohun kíkan. Awọ funfun tí o rí yẹn ni òjé fi ń bo ara rẹ̀ bó bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Bí o bá họ ọ́ kúrò, o ti họ àmì tí a ń wá kúrò pẹ̀lú. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ti tó. Inú ike ni kí o tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe inú àpótí pákó, nítorí àwọn pákó kan ń mí èémí kíkan tó ń jẹ òjé díẹ̀díẹ̀.

Ọdẹ Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ má bínú, mo fẹ́ bu omi tútù sí i díẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń hú yẹn, ti àwa ọdẹ ni. Ṣakabùlà kì í yan ọta. Ohunkóhun tó bá ti lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé ló ń jẹ: òjé tí a rọ fúnra wa, irin tí alágbẹ̀dẹ gé wẹ́wẹ́, bọ́ọ̀lù inú béárìn kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá mi ṣe ń rọ tirẹ̀. Yóò yọ òjé nínú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Yóò ti fi igi lu ihò kéékèèké sára amọ̀, amọ̀ náà yóò ti gbẹ táútáú, torí bí ó bá tutù, òjé yíyọ́ yóò ta sí i lójú. Yóò wá da òjé sí ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá tutù tó sì yọ ọ́, kì í rí rogodo dáadáa. Apá òkè rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín ibẹ̀ á sì jìn wọnú, nítorí òjé a máa sún kì bó ṣe ń dì. Ẹ wo tiyín dáadáa bóyá ó ní ojú pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, inú mọ́ọ̀dù alápá méjì ni wọ́n ti rọ ọ́: ilà tín-ín-rín kan á yí i ká níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, ojú ibi tí wọ́n ti gé ìdí òjé kúrò á sì hàn.

Nǹkan méjì tún wà tó ń tan àwọn ọmọ yìí jẹ. Òkúta dúdú tó wúwo, tó ní ihò ihò lára, tí ẹ̀rọ ń ké lé lórí: ìdàrọ́ ni, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láyé àtijọ́ ló ti wá. Kì í ṣe ọta àgbá. Ìdí idẹ tó fẹ̀ tó bíi mílímítà 22, tí ara rẹ̀ jẹ́ ike tàbí páálí tó ti jẹrà, kàtíríìjì ọdẹ ni, bóyá ti ọdún tó kọjá pàápàá.

Bàbá Bólà Kàbà
Bí ẹ bá ní òjé tó pọ̀, mo ń rà á ní kílò. Idẹ náà. Ẹ pè mí.

Òkun ní Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù ná.

Tíṣà Àgbà, Kàbà
Mo kọ́ ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá a láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ogun Tápà” yìí ti fẹ̀ jù. Kì í ṣe ogun kan ṣoṣo. Ìgbà pípẹ́ nínú àwọn ọdún 1800 ni àwọn ará Bídà fi ń wá kó wa lẹ́rú, tí wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹṣin, ọ̀kọ̀ àti idà ni agbára wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wa fi gun òkè, ẹṣin kò lè gun àpáta. Ìbọn wà lọ́wọ́ tọ̀tún-tòsì, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni ìbọn òwò tí a ń ki láti ẹnu, tí inú rẹ̀ ń dán láìní ilà. Ọta rogodo ni ti irú ìbọn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wo ọta rogodo kan kó sọ pé Tápà ló yìn ín tàbí pé ará òkè ni.

Ní January 1897 ni Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun jáde láti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà, Goldie tó jẹ́ ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ wà pẹ̀lú wọn. Àwọn Tápà tó pàgọ́ síbí ti ká ẹrù wọn lọ kí wọ́n tó dé. Bídà ni ìjà náà ti wá ṣẹlẹ̀ gan-an, lọ́jọ́ 26 àti 27 oṣù náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ọta “ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Tápà ní Kàbà” fún yín, ẹ bi í pé ìjà wo.

Ẹ má sì gbàgbé ìhà Èkìtì. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ra ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sílé, Snider wà lára wọn. Ìbọn kì í mọ ààlà. Ó lè gba ọjà, ó lè gba ọwọ́ jagunjagun tó padà sílé, kó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wọ̀n wọ́n.

Rogodo: mílímítà 14, gíráàmù 16 àti díẹ̀. Kò ní ojú pẹrẹsẹ, ilà tín-ín-rín tí ẹ̀gbọ́n ọdẹ sọ wà lára rẹ̀.
Ẹlẹ́ẹ̀kejì: mílímítà 14 àti ààbọ̀, gíráàmù 30 kọjá díẹ̀. Ilà jíjìn yí ara rẹ̀ ká ní ìsàlẹ̀. Ihò ìdí rẹ̀ jìn, nǹkan bí amọ̀ líle kan há sínú rẹ̀, mo rò pé erùpẹ̀ ni, mi ò tíì yọ ọ́.
Ìkarahun idẹ: ó gùn tó mílímítà 56, ìdí rẹ̀ ní ètí tó yọ síta. Ohun tí wọ́n kọ: K42 VII.
Odindi: ìkarahun rẹ̀ gùn tó mílímítà 39, ó fún lọ́rùn. Òòfà gbé e. Kò sí ojú ibi tí nǹkan ti lù ú ní ìdí.

Sójà Àná
Dúró. Èyí ẹ̀kẹrin yẹn, ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ kó fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Kì í ṣe ohun àtijọ́. Ìkarahun 39 tó fún lọ́rùn, tó jẹ́ irin: ọta AK ni. Ọdún 1947 ni orúkọ AK-47 ti wá, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe nínú ogun Tápà? Kò sí ojú ibi tí pín-ìn, irin inú ìbọn tó ń lu ìdí ọta, ti lù ú, ìyẹn ni pé wọn kò tíì yìn ín, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ìpẹtà kò sọ pé ó ti kú. Ẹ má fi pọ́ńsù fà á yọ, ẹ má fi iná kàn án, ẹ má gbé e sáàpò tàbí sínú ọkọ̀. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá gbé e, kí baálẹ̀ tàbí olórí fijilánté àdúgbò yín wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí irú nǹkan báyìí, EOD-CBRN ni wọ́n ń pè é. Yàtọ̀ sí ewu rẹ̀, Firearms Act 1959 kò fàyè gba kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ tọ́jú ọta sílé.

Ẹ sì mọ bí ìlú ṣe rí báyìí. Ọta AK tuntun nínú igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn, ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i fún ọlọ́pàá, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Kí n tó gbàgbé: bí ẹ bá hú ohun tó tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ, tó ní òrùka bàbà tàbí òjé yíká ìdí rẹ̀, ẹ má tún fi àdá kàn án. Ẹ sàmì síbẹ̀, kí gbogbo yín kúrò. Ọta àgbá lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tún dáhùn.

Òkun ní Leeds
Ohun tí sójà sọ ni kí o kọ́kọ́ ṣe, àbúrò. Àwọn tó kù lè dúró.

Ó dáa, a bẹ̀rẹ̀ láti ara ìkarahun idẹ, torí òun ló rọrùn jù. Gígùn 56 pẹ̀lú ìdí elétí: .303 ni, ọta ìbọn Lee-Enfield. K ni àmì Kynoch, ilé iṣẹ́ ọta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 42 ni ọdún, 1942. VII ni irú ọta náà, Mark VII, èyí tí orí rẹ̀ ṣóńṣó, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1910. Bí o bá rí VIIZ, ẹ̀tù inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Nítorí náà, ìgbà ogun Hitler ni wọ́n ṣe tìrẹ yìí.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mọ́ mi nínú jù. Má yọ amọ̀ yẹn! Kì í ṣe erùpẹ̀ oko. Ọta Snider ni. Àwọn tó ṣe é fi amọ̀ sísun tàbí igi há ihò ìdí rẹ̀, kí ìdí òjé náà lè fẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá gbaná, kó sì di ilà inú ìbọn mú. Ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Snider wọlé. Ọta rẹ̀ tó gíráàmù 31, fífẹ̀ rẹ̀ wà ní àyíká 14.5, gẹ́gẹ́ bí o ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ìwúwo nìkan á tàn yín. Ọta Martini-Henry, èyí tí wọ́n gbà wọlé ní 1871, gíráàmù 31 lòun náà. Ṣùgbọ́n òun tẹ́ẹ́rẹ́, bíi 11.4, ó sì gùn, ìdí rẹ̀ kò jìn, ara rẹ̀ ń dán torí bébà ni wọ́n fi ń wé e. Ọta Enfield ti 1853, tí a ń ki láti ẹnu, sún mọ́ Snider ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ, ó tó 34, kò sì ní ilà yíká. Ẹ rí i pé ẹ nílò fífẹ̀, ìwúwo àti ìdí pọ̀.

Ti rogodo, bí kò bá rí rogodo mọ́, tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìwọ̀n ni kí ẹ lò. Òjé rogodo tó bá wọn gíráàmù 10, fífẹ̀ rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́ á jẹ́ bíi 12. Gíráàmù 16, ó jẹ́ 14. Gíráàmù 24, ó jẹ́ 16. Bó bá sún mọ́ 32, ó jẹ́ 17.5, ìyẹn ni irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ki sínú ìbọn wọn àtijọ́, Brown Bess. Tìrẹ kéré sí ti sójà Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi rọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní ọta ológun nítorí ìyẹn nìkan. Ìbọn òwò ni mo fi í sí.

Ọdẹ Ẹ̀gbẹ̀
Mo gbà. Àwọn ọdẹ kan náà ní mọ́ọ̀dù o.

Ọmọ Ìsánlú
Ọlọ́pàá ti wá gbé ẹ̀kẹrin lọ, baálẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n bi wá léèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n wọn kò yọ wá lẹ́nu.

Báwo wá ni ọta 1942 ṣe dé orí òkè wa? Ogun Hitler kò dé Yàgbà.

Tíṣà Àgbà, Kàbà
Ogun náà kò dé Yàgbà, ṣùgbọ́n Yàgbà dé ogun náà. Àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tó lọ Bọ́mà. Mi ò sọ pé ẹni tó ti Bọ́mà dé ló mú un wá, nítorí ọ̀nà mìíràn wà tó rọrùn jù: .303 yìí kan náà ni ọlọ́pàá Nàìjíríà fi ṣọ́ ìlú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ogun náà. Ọta tí wọ́n ṣe ní 1942 lè wà nínú àpótí fún ogún ọdún kí wọ́n tó yìn ín. Ọdún tó wà ní ìdí rẹ̀ ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Kò sọ ìgbà tí wọ́n yìn ín.

Sójà Àná
Òótọ́ ni. Mo ti rí àpótí ọta tó dàgbà ju èmi lọ. Bí ẹ bá tún rí ìkarahun tó gùn tó 51, tí ìdí rẹ̀ kò ní ètí tó yọ, ti NATO nìyẹn, ìbọn FN wa ń lò ó. DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba wa ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ń ṣe irú rẹ̀. Èyí tó gùn tó 19 péré, ti ìbọn ìléwọ́. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ìtàn.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀tù tán, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ òjé. Májèlé ni. Awọ funfun tó ń bo ara rẹ̀ ló ń tètè lẹ̀ mọ́ ọwọ́ jù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun lóko, ẹ má fi ẹnu dì í mú nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n (mo ti rí ẹni tó ń ṣe é). Ẹ̀gbọ́n ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má yọ́ òjé nínú ìkòkò ọbẹ̀ tàbí nítòsí aboyún àti ọmọ kékeré.

Ẹ rántí Zamfara ní 2010. Ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Kì í ṣe ọta ló pa wọ́n, òkúta wúrà tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn òbí wọn gbé wálé láti lọ̀, eruku rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá. Ẹ̀yin tó ń wá wúrà ni mo ń bá wí ní pàtàkì. Bí ọmọ bá ń ní inú rírun, tó ń rẹ̀ ẹ́, tó ń ní gìrì, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fọwọ́ kan òjé. Wọn kò lè mọ̀ bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Bàbá Bólà Kàbà
Ìyá wa, àwa náà ń fọwọ́ o. Ṣùgbọ́n ṣé òjé yẹn kò ní di títà mọ́ ni?

Tíṣà Àgbà, Kàbà
Ti Snider yẹn, rárá. Bó bá dé inú ìkòkò ìyọ́dẹ yín, bíi gíráàmù 30 òjé lásán ló kù. Ohun tó níye lórí nínú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti rí i. Ọmọ Ìsánlú, ẹ jẹ́ kí fóònù yín gba ààmì ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde, ẹ kọ bó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà sára ọ̀rá rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó pọ̀ lójú kan, ẹ dúró ná, ẹ kàn sí NCMM, àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin kò gbà kí ènìyàn kàn máa wú ibùdó àtijọ́ láìgba àṣẹ. Kí ẹ sì ti gba àṣẹ onílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn kò nílò òfin.

Ọmọ Ìsánlú
A ti ń ṣe ti fóònù láti àná. Mo tún fẹ́ béèrè: ṣé a lè mọ̀ bóyá wọ́n yìn Snider náà, tàbí ó kàn bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré?

Òkun ní Leeds
Ìbéèrè tó dára. Gbé e sí abẹ́ oòrùn àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó o fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn. Ìbọn tó ní ilà nínú a máa fi ojú ilà náà sára ọta: ọ̀nà fífẹ̀ tó lọ láti ìdí sókè, tó dagun díẹ̀. Bí o bá rí wọn, wọ́n ti yìn ín. Bí ara rẹ̀ bá mọ́ tónítóní yíká, ó bọ́ sílẹ̀ ni.

Ọmọ Ìsánlú
Wọ́n wà níbẹ̀! Mẹ́ta ló hàn, wọ́n dagun. Apá kan orí rẹ̀ sì ti tẹ́, ó dà bíi pé ó lu àpáta.

Òkun ní Leeds
Wọ́n yìn ín nìyẹn. Wá wo ibi tó wà sí òkè náà. Bó bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó yìn ín wà nísàlẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Kàbà
Tàbí ọdẹ tó ra Snider àlòkù lẹ́yìn ogun, tó ń lé ẹtu gun òkè. Ọta kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí ogun. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ sí i lójú kan náà, ẹ pè mí, màá wá.

Àdùkẹ́ Ìyàrà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rí bọ́ọ̀lù irin kan ní oko iṣu, ó ń dán, fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 25, òòfà gbé e dáadáa. Wọ́n ní ọta àgbá Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ọdẹ Ẹ̀gbẹ̀
Ó ń dán kẹ̀? Irin tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ oko kì í dán mọ́. Bọ́ọ̀lù béárìn ọkọ̀ ńlá nìyẹn. Bí wọn kò bá lò ó, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.